Ìkòkò Tó Yí Padà ní Ọjà'ba

Bàbá mi kò pè mí rí bí ẹni ń pe ọmọ. "Ìyá mi" ni wọ́n ń pè mí. Bí wọ́n bá ti ìdí iṣẹ́ káfíńtà dé lálẹ́, tí ìyẹ̀ pákó ṣì wà nínú irùngbọ̀n wọn, wọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn á ní, "Ìyá mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹun?" Èmi tí wọ́n ń béèrè yẹn, mo lè jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ààrò, kí n máa fi ìka lá ìsàlẹ̀ àwo. Ìyá bàbá mi, tí oríkì wọn ń jẹ́ Àbẹ̀ní, kú nígbà tí oyún mi wà ní oṣù kẹfà nínú ìyá mi. Nígbà tí wọ́n bí mi tí mo sì jẹ́ obìnrin, kò sẹ́ni tó tún da ara rẹ̀ láàmú nípa orúkọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n wo ilé, wọ́n rí àyè tó ṣófo nídìí ìkòkò ọṣẹ, wọ́n ní ìyá ti tún dé, wọ́n sọ mí ní Yétúndé. Àwọn kan á sọ ọ́ ní Yéwándé, àwọn kan á sọ ọ́ ní Yésídé, àwọn kan á ní Ìyábọ̀. Ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń sọ. Àwọn tó bá gbọ́ ọ máa ń ní orúkọ náà dùn. Ó dùn lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí wọ́n gbé e wọ̀ ló mọ bó ṣe wúwo tó.

Kúdẹtì ni ilé wa wà, lápá ìsàlẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti ń ṣẹ́ kọ́rọ́ kọjá láàárín ilé sí ilé, tí ènìyàn bá sì gbójú sókè, á máa rí gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè níbẹ̀. Iṣẹ́ ọṣẹ dúdú ni iṣẹ́ àwọn obìnrin ilé wa. Èèpo kòkó la máa ń sun di eérú, a ó da eérú náà sínú àjẹrẹ, ìkòkò tó ní ihò nídìí, a ó da omi lé e lórí, omi náà á sì máa kán sínú agbada tó wà nísàlẹ̀. Tó. Tó. Tó. Ìró yẹn ni mo fi sùn ní gbogbo ìgbà èwe mi, òun náà ni mo fi ń jí. Bí mo bá dúró síbì kan lónìí tí ẹ̀rọ omi ń kán, ara mi á ti rántí òórùn àdín gbígbóná, ẹnu mi á sì máa wá ẹ̀kọ tútù tí a máa ń fi ṣẹ́ ebi láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó wọra. Omi eérú yẹn kì í ṣe omi eré. Bó bá ta sí ènìyàn lára, bíbó ló ń bó o. Ó bó ìyá àgbà lọ́rùn ọwọ́ òsì nígbà ayé wọn, àpá náà funfun roboto. Nígbà tí wọ́n sì bí mi, àmì kan wà lọ́rùn ọwọ́ òsì mi, kò ju ẹ̀wà kan lọ. Ọ̀rọ̀ parí. Àlejò tó bá wọlé, kó tó mu omi, wọ́n á ti na ọwọ́ mi sí i: "Ẹ wò ó. Ẹ wò ó dáadáa." Nígbà tí mo lè tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo mú kàn-ìn-kàn-ìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fọ àmì yẹn títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Kò kúrò. Ó ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Àwọn ìyàwó ilé ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni wọ́n bí mi o, ó yẹ kí wọ́n lè pè mí bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ wọn ni wọ́n kà mí sí. Ìyáálé ilé wa, obìnrin gíga kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, á kúnlẹ̀ ìdajì níwájú mi láàárọ̀ bí mo bá ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀, tí omi ṣì wà lójú mi.

"Ìyá ọkọ mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni? Nígbà tẹ́ ẹ wà láyé ìjọsí, àkùkọ kì í kọ kẹ́ ẹ tó jí."

Àwọn tó kù á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n màá máa bi ara mi. Ṣé àwàdà ni, àbí wọ́n ń bá mi wí? Bí mo bá fọ́ igbá, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń nà wá torí igbá." Bí mi ò bá lè ro ọṣẹ kó dì, wọ́n á wo ara wọn lójú. Bí ẹni tó wọ aṣọ àyálò ni mo ṣe ń rìn nínú ilé yẹn, mi ò mọ ìgbà tí ẹni tó ni ín máa wá béèrè. Mo sì máa ń rò ó pé, bó bá jẹ́ pé ìyá àgbà ló wà nínú mi, èmi gan-an ńkọ́? Níbo ni mo wà nígbà tí wọ́n ń ro ọṣẹ? Mo bi bàbá mi léèrè lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi òòlù sílẹ̀, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ ti ọ̀hún bọ̀. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ sọ fún mi." Látọjọ́ yẹn, mi ò béèrè mọ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí à ń lọ, Rúùtù ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún mi. Wòlíì wàásù lọ́jọ́ ìsinmi kan pé ẹni tó bá ti sùn ti sùn, kò sí ìyá kan tó tún ń dé. Ohùn bàbá mi ló ròkè jù nínú àwọn tó ṣe "Àmín". Bí a ṣe délé báyìí, wọ́n ní, "Ìyá mi, ẹ wá bù mí lóúnjẹ." Ìyá mi nìkan ni kò bá wọn dá sí i. Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń pè mí, oríkì tèmi. Mi ò gbọ́ Yétúndé lẹ́nu wọn rí ní gbogbo ìgbà yẹn. Bí àwọn ìyàwó bá ń kúnlẹ̀ ìdajì wọn, ìyá mi á ní, "Ẹ fi í lẹ̀ kó lọ pọnmi. Ọmọ ni mo bí."

Ìyábọ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, Òkè Padre ni wọ́n ń gbé, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fi jù ú lọ. Wọ́n ní ìyá àgbà ni òun náà. Bí wọ́n bá mú un wá kí wa, a kì í ṣeré kankan, ìjà ta ni ìyá àgbà gidi la máa ń jà. "Èmi ni mo ní àmì," ni mo máa ń wí. Òun á ní, "Èmi ni mo ní ìbínú wọn." Ó sì ní in lóòótọ́, a máa géni jẹ. Bàbá mi parí rẹ̀ fún wa: wọ́n ní ìyá àwọn sanra, ó tó ènìyàn méjì í pín.

Yàtọ̀ sí ìyá mi, ẹnì kan ṣoṣo wà nínú gbogbo ẹbí tí kò pè mí ní ìyá, tí kò tilẹ̀ pè mí ní nǹkan kan. Ìyá Àrẹ̀mọ ni, àbúrò ìyá àgbà, ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n fẹ́ sí àdúgbò Àrẹ̀mọ. Wọn ò wá síbi ìsọmọlórúkọ mi. Wọn ò fẹsẹ̀ tẹ ilé wa rí lójú mi. Bí èmi àti ìyá mi bá ru ọṣẹ lọ sí Ọjà'ba tí a sì pàdé wọn láàárín àwọn alátẹ, wọ́n á fa gèlè bojú, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Arúgbó ń sá fún ọmọdé! Nígbà kan, mo yà sọ́nà wọn láìmọ̀, ojú wa ṣe mẹ́rin. Wọ́n wo ọwọ́ òsì mi. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gbé dání bọ́, ata yí dànù káàkiri ilẹ̀, wọn ò ṣà á. Mo fẹ́ ṣà á fún wọn, ìyá mi fà mí lápá. "Fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì le ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ọyẹ́ ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mú gan-an, gbogbo ètè wa ló bẹ́. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí a ń bu ọṣẹ lé ewé, obìnrin kan wọlé tó da aṣọ borí. Àdùkẹ́ ni, ọmọ Ìyá Àrẹ̀mọ. Kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi, ó ní ara ìyá àwọn kò yá, oúnjẹ kò lọ mọ́, ẹsẹ̀ ti wú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni bàbá mi wí. "Màá wá wò wọ́n lọ́la."

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní kẹ́ ẹ wá." Ó yí ojú sí mi. "Wọ́n ní àfi kí Yétúndé wá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wà láàárín àwọn àti ẹ̀gbọ́n àwọn, àwọn ò lè gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó wá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn, kó dá àwọn lóhùn."

Ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ mi bọ́ sílẹ̀. Àjẹrẹ nìkan ló ń kán.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ lanu. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án? Kó lọ gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ àgbàlagbà? Rárá o. Kò níí lọ."

Àdùkẹ́ lọ. Ọjọ́ kejì, ó tún ránṣẹ́. Ọjọ́ kẹta, ó tún wá fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, bàbá mi kò bu òkèlè kan gidi. Wọn ò fẹ́ fi agbára mú mi, wọn ò sì lè sọ pé kí n má lọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí Ìyábọ̀ lọ." Wọ́n ní, "Kì í ṣe Ìyábọ̀ ni wọ́n béèrè." Ẹ̀rù tó ń bà mí kì í ṣe ẹ̀rù arúgbó náà. Mo ń rò ó pé, bí mo bá débẹ̀ tí mo ní "mo ti foríjì yín," bó bá wá jẹ́ pé èmi kọ́ ni ìyá àgbà ńkọ́? Mo ti purọ́ fún ẹni tó ń lọ. Wọ́n á dé ọ̀run, wọ́n á bá ẹ̀gbọ́n wọn níbẹ̀, ìyá àgbà á ní, "Ta ló ní mo foríjì ọ́?" Bí mo bá sì jẹ́ ìyá àgbà lóòótọ́, tí mi ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ mí, irú ìforíjì wo nìyẹn? Ọmọdé ni mí, àmọ́ mo mọ̀ pé a kì í sọ pé a jẹ oúnjẹ tí a kò tọ́ wò. Mi ò lè sùn. Ní ọjọ́ kẹta yẹn, ara mi gbóná, Ìyáálé sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí lọ́rùn, ó ní, kò sì rẹ́rìn-ín, "Ẹni méjì ló ń jà nínú ọmọ yìí."

Ìyá mi ló pè mí sídìí ìkòkò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìkòkò irin ńlá tí a fi ń se ọṣẹ ni mò ń sọ, tí ènìyàn méjì ń gbé. Wọ́n ń fi igi ha ìdí rẹ̀, wọn ò wò mí.

"Àṣàkẹ́, ṣó o mọ ẹni tó ni ìkòkò yìí?"

"Ìyá àgbà ni."

"Ìyá wọn ló ni ín. Ìkòkò náà ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti àbúrò wọn. Nígbà tí ìyá wọn kú, ìyá ọkọ mi ni àgbà, wọ́n gbé e. Ìyá Àrẹ̀mọ ní àwọn ni ìyá àwọn ṣèlérí rẹ̀ fún. Ọdún kan gbáko, wọn ò kí ara wọn. Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé sí ìyá ọkọ mi. Wọ́n ránṣẹ́ sí Àrẹ̀mọ lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì, pé àwọn fẹ́ fojú kan àbúrò àwọn. Lẹ́ẹ̀kẹta, èsì tó wá ni pé, 'Ẹ ní kó gbé ìkòkò mi ránṣẹ́ ná.'"

Mo wo ìkòkò náà. Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tí arúgbó náà fi ń sá fún mi.

"Ṣé inú bí ìyá àgbà?"

Ìyá mi tún ha ìdí ìkòkò náà. "Ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní, 'Ẹ gbé e fún un. Ìkòkò ò ní tẹ̀ lé mi. Ẹ sọ fún un kó máa fi àdín pa á, kó má dípẹtà.' Ọkùnrin méjì ló gbé e, èmi mú igi tí a fi ń ro ọṣẹ tẹ̀ lé wọn, ìwọ wà nínú mi. A dé Ọjà'ba. Nísàlẹ̀ Mápó níbẹ̀ la ti gbọ́ igbe lẹ́yìn wa. Ẹni tó sáré bá wa ní kí á máa bọ̀, pé wọ́n ti dákẹ́. Bí a ṣe gbé ìkòkò yí padà nìyẹn."

"Ìyá Àrẹ̀mọ ò wá mọ̀ pé ìkòkò ti ń bọ̀?"

Igi dúró lọ́wọ́ wọn. "Ta ni ì bá sọ fún wọn? Àwọn ọkùnrin yẹn kò mọ ibi tí à ń lọ. Bàbá rẹ wà lóko igi. Èmi nìkan ni mo wà ní yàrá nígbà tí ìyá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Mo ní kí Ìyá Àrẹ̀mọ máa gbé e sáyà. Mo ní kó máa dùn wọ́n, bó ṣe dun ẹni tó dúró dè wọ́n. Mo rò pé màá sọ ọ́ lọ́dún kejì. Ọdún kejì dé, ẹnu mi wúwo. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án."

Lójú tèmi nígbà yẹn, ìyá mi kì í ṣe àṣìṣe. Iná ń jó, àwọn adìyẹ ń ṣa ọkà lẹ́sẹ̀ wa, gbogbo nǹkan wà bó ṣe máa ń wà, àmọ́ ilẹ̀ tí mo jókòó lé kò dúró dáadáa mọ́. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Mo ní, "Ìyá, ìyá àgbà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá Àrẹ̀mọ náà ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

Wọ́n ju igi sílẹ̀. Wọ́n lọ wẹ ọwọ́.

Àwa méjèèjì la lọ. Wọ́n di ọṣẹ kan sínú ewé fún mi, nítorí a kì í fọwọ́ lásán wo aláìsàn. A gòkè Ọjà'ba, a kọjá nísàlẹ̀ Mápó. Níbẹ̀ ni ìyá mi dúró díẹ̀, wọ́n wo ilẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan tó sọ nù, wọ́n tún ń lọ. Wọn ò kọ́ mi ní ohun tí màá sọ. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, mò ń gbàdúrà méjì tó ń ta ko ara wọn: kí á bá wọn láyé, kí á sì má bá wọn.

A bá wọn. Inú yàrá tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n wà, lórí ẹní, ẹsẹ̀ wọn wú bí iṣu. Ìyá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọn ò wọlé. Mo kúnlẹ̀ láti kí wọn. Mo rí i pé àwọn náà ti ń fi ọwọ́ ti ilẹ̀, wọ́n ń gbìyànjú láti kúnlẹ̀ fún mi. Àwa méjèèjì wá wà lórí eékún, a ń wo ara wa, arúgbó àti ọmọdé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀," ni wọ́n wí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi."

"Ta ni kí n wá kúnlẹ̀ fún? Ojú yín ni mo ń sá fún lọ́jà láti ọjọ́ yìí." Èémí wọn ń já. "Ẹ ò ní láti foríjì mí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí wọ́n jíṣẹ́ mi fún yín, pé kẹ́ ẹ gbé ìkòkò ránṣẹ́ ná, kí lẹ wí?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ká ní mi ò mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá sunkún, wọn ì bá mú mi lọ sílé.

Mo ní, "'Ẹ gbé e fún un. Ìkòkò ò ní tẹ̀ lé mi. Ẹ sọ fún un kó máa fi àdín pa á, kó má dípẹtà.' Wọ́n sì gbé e, Ìyá. Ó ti dé Ọjà'ba kí wọ́n tó ní kó yí padà."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Kó má dípẹtà! Bẹ́ ẹ ṣe máa ń bá mi wí láti kékeré nìyẹn. Gbogbo nǹkan tí mo bá fọwọ́ kàn ló ń dípẹtà." Omi ń ṣàn lójú wọn, ẹ̀rín sì wà níbẹ̀. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n wá rọ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bọ́ sí àṣírí. "Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ rántí rẹ̀?"

Mo ti di arúgbó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bi mí ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè, kò sí èyí tó wúwo tó ìyẹn. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ parí. Wọ́n á lọ ní àlàáfíà, àwọn ará ilé á máa ròyìn mi títí láé, ìyá mi á sì lọ sílé láìsí ìtìjú kankan. Mo wo aṣọ ìkélé. Mo rí ìka ẹsẹ̀ ìyá mi lábẹ́ rẹ̀.

"Mi ò rántí, Ìyá," ni mo wí. "Ìyá mi ló sọ fún mi. Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà."

Aṣọ ìkélé ṣí. Ìyá mi wọlé, orí wọn wà nílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ìyá Àrẹ̀mọ wò wọ́n títí. "Ìwọ. O wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Ìyá."

"O mọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Mo mọ̀."

"Ọdún mẹ́sàn-án, ìyàwó! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń jẹ ẹ̀kọ mi bí eérú!" Ọwọ́ wọn gbéra. Mo rò pé wọ́n máa gbá ìyá mi létí, mo di ojú. Nígbà tí mo là á, ọwọ́ náà wà lórí gèlè ìyá mi, kò lọ síbì kan, bí ẹyẹ tó bà tó ti rẹ̀.

"Ẹ foríjì mí," ni ìyá mi ń wí. "Mo fẹ́ràn wọn ni. Ó dùn mí fún wọn."

"Èmi náà fẹ́ràn wọn." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Dìde. Ara mi ò gbà á mọ́ láti bínú. Èmi tí mo ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá foríjì mí, tí mo bá di tìrẹ sínú, ta ni màá tún wá ránṣẹ́ sí?" Wọ́n yí sí mi, wọn ò kúnlẹ̀ mọ́, wọn ò sì pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. "Ọmọ yìí, kí lo gbé dání?"

"Ọṣẹ ni, Ìyá."

"Inú ìkòkò yẹn ni ẹ ti sè é? Gbé omi wá. Ó pẹ́ tí mo ti fi ọṣẹ gidi wẹ̀."

Mo fọ ẹsẹ̀ wọn méjèèjì. Nígbà tí a ń bọ̀, ìyá mi tún dúró nísàlẹ̀ Mápó. Wọ́n wá ní, "Àṣàkẹ́, mi ò mọ̀ bóyá òkú ń padà wá. Ṣùgbọ́n ìwọ lo sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Ìyá mi sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi kò bá wọn jà. Ó wù mí kí wọ́n jà, ká lè mọ̀ pé ó ti tán. Ọjọ́ púpọ̀ ni wọ́n fi ń jẹun láìwo ara wọn, inú mi ò sì balẹ̀ títí òjò fi dé. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi fi àdín pa ìkòkò náà, àwọn àti ọmọọṣẹ́ wọn gbé e, wọ́n gbé e kọjá Ọjà'ba, wọ́n gbé e dé Àrẹ̀mọ. Ìyá Àrẹ̀mọ ní kí wọ́n gbé e sí ibi tí ojú àwọn lè tó. Wọn ò se nǹkan kan nínú rẹ̀. Òjò kejì ni wọ́n lọ. Àdùkẹ́ gbé ìkòkò padà wá fún wa lẹ́yìn ìsìnkú, ó ní wọ́n ní Yétúndé ni kó máa lò ó. Bó ṣe di tèmi nìyẹn.

Ìkòkò náà la ṣì fi ń se ọṣẹ nílé wa títí di àná. Ó yẹ kí n sọ òótọ́ nípa rẹ̀, nítorí òótọ́ ni mo fi gbé orúkọ yìí dé ibi tí mo dé. Ìyábọ̀ Òkè Padre ṣì wà láyé. Orúnkún ń dùn ún bó ṣe ń dùn mí. Lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ òun gbé ìkòkò náà lọ lò díẹ̀, torí òun náà ni ìyá àgbà. Mo ní èmi ni wọ́n fún. Ó ní mo ti ń ṣe agídí láti kékeré. Mo ní òun ló ń géni jẹ. Láti ọjọ́ yẹn, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Arúgbó méjì, nítorí irin! Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni, èmi tí wọ́n sọ lórúkọ ìyá àgbà sì wá jókòó ti ìjà wọn. Bó bá jẹ́ òótọ́ pé ìyá kan náà ni èmi àti Ìyábọ̀, a jẹ́ pé ìyá àgbà ń bá ara wọn jà nìyẹn.

Ohun tó ta mí jí ni ọmọ ọmọ mi tó lóyún. Ó ń rẹ́rìn-ín létí ẹní mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Màmá, bí obìnrin bá ni, ṣé kí n dúró dè yín kí n tó sọ ọ́ lórúkọ?" Àwàdà ni. Gbogbo ará ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ojú ọmọdé tó ń wo ìka ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìkélé ni mo rí. Mi ò fẹ́ kí ẹnì kankan lọ kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí a ò tíì bí, kó máa bi í ní ohun tí mo lè fi ẹnu ara mi dáhùn lónìí.

Ní àná, mo fi àdín pa ìkòkò náà fúnra mi, tinú tòde. Ó gbà mí ní gbogbo àárọ̀. Fúnmi ọmọ mi gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, mo ní kó máa lọ sí Òkè Padre. Mi ò pe Ìyábọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, fóònù wà lórí ẹsẹ̀ mi, ọkàn mi kò sì balẹ̀ rárá. Ìgbà tó dún, mo fò dìde pẹ̀lú orúnkún mi.

"Màmá, a ti dé Ọjà'ba," ni Fúnmi wí. "Ṣé ẹ ò ní nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ kí n rà?"

"Má dúró níbẹ̀!" Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé yọjú. "Ohunkóhun tó o bá gbọ́, ẹni yòówù kó pè ọ́, má yí padà. Máa lọ."

Ó pẹ́. Oòrùn kúrò lára ògiri, ó bọ́ sí ilẹ̀. Omi eérú ń kán lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí fóònù tún dún, ohùn Fúnmi kọ́ ni mo gbọ́. Ẹni náà kò kí mi, ó ṣáà ń mí, bí a ṣe máa ń mí ní kékeré bí a bá jà tán tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Yétúndé," ni Ìyábọ̀ wí, "ìkòkò ti dé."